Bútà Aláwọ̀ Ewé

"Fàlí, níbo lo wà? Wọ́n ti tú àpò òkìríkà tuntun, àwọn tó dáa ti ń tán lọ!" Jamilah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń pariwo nínú fóònù láti ọjà Benson.

"Mò ń bọ̀, jọ̀ọ́!" Ara Fàlílátù ò balẹ̀ mọ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Ìbẹ́ṣẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú ìsinmi ilé-ìwé yìí. Nọ́ọ̀sì Oríyọmí, tó ni ilé náà, ti kìlọ̀ fún un títí ó fi sú u: kó fọwọ́ kó sì pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kó tó bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí bútà ẹnì kan má sì wọ yàrá ẹnì kejì. Pupa ni ti Bàbá Bísíríyù, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti àná. Aláwọ̀ ewé ni ti Bàbá Tìrìmísíyù, tó máa ń pe Fàlílátù ní ìyàwó òun.

Bàbá Bísíríyù tún ti ṣu sára. Bútà rẹ̀ ṣófo, ẹ̀yìnkùlé sì ni omi wà. Fóònù tún dún. Fàlílátù bá gbé bútà aláwọ̀ ewé tó kún lẹ́nu ọ̀nà yàrá kejì, ó fi ṣan ìdí Bàbá Bísíríyù, ó sì fi ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́gbin náà gbé e padà síbẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló rántí fọ̀ kó tó sáré jáde.

Ní Benson, Jamilah àti Fàlílátù ń yẹ aṣọ wò nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrì. Fàlílátù rántí bútà aláwọ̀ ewé. Bútà yẹn ni Bàbá Tìrìmísíyù fi ń yọ ẹnu nínú àlùwàlá! Ó pe Nọ́ọ̀sì, ìpè náà ò wọlé. Ó lè dákẹ́; ta ló rí i? Ṣùgbọ́n ó ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́.

Orí ẹní ló bá Bàbá Tìrìmísíyù. "Ìyàwó mi, o padà dé? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni. Mo dárúkọ rẹ nínú àdúrà mi."

Fàlílátù bú sẹ́kún. Ó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru gbé Bàbá ṣánlẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n ti fa omi sí i lára, Fàlílátù ò sì lè jẹun.

"Pé o tètè sọ ló jẹ́ ká tètè gbé e dé ibí," Nọ́ọ̀sì wí. "Àmọ́ ìwọ lo fà á. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Nígbà tí Bàbá padà wálé, ó ti gbẹ, orí àga ló ti ń kírun. Fàlílátù kúnlẹ̀, ó gbé bútà síwájú rẹ̀. Bàbá wo bútà, ó wo ọwọ́ ọmọ náà.

"Ìyàwó mi, ṣé tèmi ni?"

"Tiyín ni, Bàbá. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti fọwọ́."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrun kan tí Bàbá kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá bútà tòun ni. Fóònù ń dún nínú àpò Fàlílátù, kò gbé e. Ó ti mọ̀ wàyí pé ẹni tó ń tọ́jú ènìyàn, ẹ̀mí wọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì gbọ́dọ̀ mọ́.