Máàpù Inú Àpótí Ninian

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n sọ bí ọkùnrin kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìyàwó nítorí pé ó mọ nǹkan tọ́jú jù.

Òjò winniwinni ń rọ̀ ní Edinburgh lọ́jọ́ tí Ninian kọ́kọ́ rí Greer. Ọmọbìnrin náà fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, irun pupa rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó tẹ́ máàpù àtijọ́ kan sórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó ń fìka wá ọ̀nà. Ninian sáré sọdá títì, ó na agbòjò rẹ̀ bo máàpù náà.

“Ẹ ṣeun o,” ni Greer wí. “Ṣé iyọ̀ ni máàpù, tí èmi wá jẹ́ òkúta?”

Ojú ti Ninian. Ó ṣàlàyé pé ilé iṣẹ́ kan nílùú náà ló tẹ irú rẹ̀ fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n lẹ aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn kó má baà ya. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, bí òun náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri bíi góòlù. Greer ní bàbá òun wà lára àwọn tó ń fi àwọ̀ kùn ún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti wọ àárín wọn.

Nígbà tó yá, Ninian ní òun fẹ́ fẹ́ Greer. Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Tulloch, bàbá Greer, gbọ́ pé àpótí Ninian kún fún máàpù tí kò tẹ́ rí. Ó ní àwọn ṣe é kí ènìyàn lè jáde nílé ni. Ẹni tó bá ń ti nǹkan mọ́lé yóò ti ọmọ òun náà mọ́lé. Greer sì ní kí Ninian fún òun láyè ronú.

Ara Ninian kò balẹ̀ mọ́. Ó ń dìde, ó ń jókòó, ó ń ṣí àpótí, ó ń pa á dé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó mú èyí tó mọ́ jù nínú wọn lọ sílé bàbá náà, ó tẹ́ ẹ sáàárín ife tíì.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi kálàmù fa ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà sórí rẹ̀.”

Bàbá mú kálàmù, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ó wo àwọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kùn. “Ó mọ́ jù,” ó ní, “mi ò lè bà á jẹ́.”

Greer bú sẹ́rìn-ín, ó gba kálàmù, ó fa ìlà láti ẹnu ọ̀nà wọn títí dé ìlú Peebles, ó dúró.

“Kí ló dé tó o dúró síbẹ̀?” ni Ninian bi í.

“Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, olólùfẹ́ mi. Tó ò bá ní tọ́jú èmi náà sínú àpótí, ká lọ rí àlúfáà.”

Ninian mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn méjèèjì sì bọ́ síta. Bàbá yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí wọ́n tètè gbéra, torí òkè pọ̀ lọ́nà yẹn.

Morag, ẹ̀gbọ́n Greer obìnrin, tó ń bu tíì fún wọn lọ́jọ́ náà, ló sọ ọ́ fún mi. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́.