Ẹni Tí Ìwé Ìjọba Mọ̀ sí Olùtọ́jú Ìyá

"Kó ẹrù ẹ, kí o máa lọ! Apànìyàn! Ìyá tó bí mi lo fẹ́ fi ìyà pa!"

Ohùn Àǹtí Àgbà nìyẹn, ó ti gba gbogbo ilé kan. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá, ó ń na ìka sí ìyàwó àbúrò rẹ̀ lójú. Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti fi iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀, láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé Ìyá ṣubú, tó mú apá ọ̀tún, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó fẹ́ fi wẹ̀ fún Ìyá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, kí ni mo ṣe?"

"O tún ń bi mí? Mo fi ojú mi méjèèjì rí i tí o gbá Ìyá létí! Bí mo bá purọ́, kí ọ̀la má ṣojú mi!"

Ẹ gbọ́ ìbúra! Obìnrin tó ń fi ọ̀la ṣeré báyìí kò mọ̀ pé ọ̀la gan-an ló máa tú òun fó.

Dírẹ́bà, ọkọ Aránṣọ, jókòó sí pálọ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin tó ń wa tírélà láti ìlú dé ìlú, kò lè la ẹnu níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni? Ẹ̀yin náà gbà pé mo lè gbá Ìyá létí?"

"Àǹtí ò lè ṣàdédé parọ́ mọ́ ẹ," ni Dírẹ́bà wí. "Lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ fún ọjọ́ mélòó kan ná. Kí ara balẹ̀."

Kí ara ta ni ó balẹ̀? Òpònú! Ọkùnrin tí kò pààrọ̀ aṣọ ìyá rẹ̀ rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló ń lé ẹni tó ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Aránṣọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Ó wọlé lọ yí Ìyá sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀, ó sì jáde nílé tòun ti báàgì kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Àǹtí Àgbà í ṣe fún yín. Lọ́fínńdà ló ń tà, lọ́fínńdà náà ló sì fi ń bo gbogbo òórùn ìwà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló máa ń wá kí Ìyá. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á dọ́wọ́ bomú, á fi fóònù ya Ìyá ní fọ́tò, á ní "Ọlọ́run á wò yín sàn," ó di gbéré. Gbogbo èèyàn tó ń rí fọ́tò yẹn ló ń ṣàdúrà fún ọmọ dáadáa!

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìjọba ń san owó olùtọ́jú lóṣooṣù fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí aláìsàn ilé rẹ̀. Olùtọ́jú kan fún aláìsàn kan, òfin wọn nìyẹn. Ìyá kò tíì lo oṣù kan lórí àìsàn tí Àǹtí Àgbà fi mú fọ́ọ̀mù wá. Ó dúró kí Aránṣọ lọ ra ọṣẹ, ó gbá àtàǹpàkò Ìyá mú, ó tẹ̀ ẹ́ síwèé. Nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ó ní òun ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, pé orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá lòun ń sùn. Nígbà tó sì rí i pé bí àìsàn bá ṣe le tó lowó ṣe ń pọ̀ tó, ó fi kún un pé egbò jínjìn ti gba ẹ̀yìn Ìyá, òun sì ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Àwọn ọlọ́fíìsì gbà á gbọ́. Fún ọdún mẹ́ta, kò sẹ́nì kan nínú wọn tó fẹsẹ̀ kan ilé náà. Ṣé owó bàbá wọn ni?

Aránṣọ náà gbọ́ nípa owó yìí lọ́dún kejì. Ó tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì wọn láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, kó tó dé ojú fèrèsé tí ọkùnrin kan jókòó sí, tó ń jẹ gúgúrú.

"Ẹnì kan ti ń gbà á lórí Màmá yìí," ni ọkùnrin náà wí.

"Ta ni, sà? Èmi nìkan ni mo ń tọ́jú wọn."

"Àṣírí ni. A kì í sọ orúkọ olùtọ́jú fún ará ìta."

"Èmi ni ará ìta?"

"Ẹni tó kàn!"

Ẹ wo ọgbọ́n ìjọba! Wọ́n ń bá olè pa àṣírí mọ́ kí olóhun má baà mọ̀ ọ́n. Aránṣọ sunkún délé, ọ̀dọ̀ ta ló sì lọ rojọ́ sí? Ọ̀dọ̀ Àǹtí Àgbà kan náà! Èké obìnrin yìí fi gèlè ara rẹ̀ nu ojú fún un. "Má dá wọn lóhùn, ìyàwó wa. Ìjọba ò mọ nǹkan kan. Má padà lọ síbẹ̀ mọ́."

Kí ló wá fa ẹ̀sùn ìgbátí? Lẹ́tà ló tẹ Àǹtí Àgbà lọ́wọ́ pé àwọn ọlọ́fíìsì ń bọ̀ wá fojú rí aláìsàn àti olùtọ́jú rẹ̀ nílé, ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Àǹtí Àgbà nílò kí Aránṣọ kúrò nílé kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ó sì sọ fún Dírẹ́bà pé nọ́ọ̀sì kan ló fẹ́ wá wo Ìyá, kó jókòó jẹ́ẹ́ sí pálọ̀.

Obìnrin tó wá náà tín-ín-rín, bàtà rẹ̀ ti gbó, ó so gíláàsì mọ́rùn. Ohun tí Àǹtí Àgbà kò mọ̀ ni pé ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì kó tó dèrò ọ́fíìsì.

"Ẹ̀yin ni olùtọ́jú Màmá?"

"Èmi ni, ọ̀gá mi. Èmi nìkan ṣoṣo! Oorun gan-an, mo ti gbàgbé bó ṣe ń rí!" Ìró àtijọ́ ló ró, kò sì fín lọ́fínńdà lọ́jọ́ yẹn. Èké mọ ìmúra.

"Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n wo àwọn egbò yẹn."

"Egbò wo, mà?"

Òpùrọ́ ò ní ọpọlọ ìrántí! Obìnrin ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ yí Ìyá padà, ó ká aṣọ sókè. Ẹ̀yìn Ìyá ń dán, ó mọ́ tónítóní, kò sí àpá kan níbẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé egbò náà jìn tó ìka. Ó dà?"

"Ó ti jinná, mà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Láìfi àpá sílẹ̀?"

"Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, mà."

"Kò burú. Ẹ gbé Màmá sórí àga, kí n rí bí ẹ ṣe ń gbé wọn."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Àǹtí Àgbà ká apá aṣọ sókè, ó gbá ọwọ́ ọ̀tún Ìyá mú, ọwọ́ tó ti kú, ó sì fà á bí ẹni ń fa igi. Ìyá figbe ta. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di irin bẹ́ẹ̀dì mú, kò fẹ́ tẹ̀lé e, ara rẹ̀ sì ń yọ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!" ni obìnrin ọ́fíìsì kígbe, tó sì sáré gbé èjìká Ìyá. "Apá tó kú lẹ ń fà! Ọdún mẹ́ta, ẹ ò tíì mọ apá tó ń ṣiṣẹ́?"

Aránṣọ gbọ́ igbe náà. Kò lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ rárá. Ilé oníbàtà, aládùúgbò wọn, ló sùn, nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbà á kó jìnnà sí Ìyá. Ó sáré wọlé láìwọ bàtà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi orúnkún tirẹ̀ ti orúnkún Ìyá tí kò lágbára, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìyá mi, ó yá."

Ọwọ́ òsì Ìyá fi irin sílẹ̀, ó gbéra fúnra rẹ̀, ó kọ́ Aránṣọ lọ́rùn. Kí a tó ka ení, èjì, Ìyá ti jókòó sórí àga.

"Ẹ̀yin, ta ni yín?" ni obìnrin ọ́fíìsì bi í.

"Ìyàwó ilé ni mí, mà. Ẹ má bínú pé mo wọlé. Wọ́n lé mi lánàá."

"Ọmọ ọ̀dọ̀ ni!" ni Àǹtí Àgbà pariwo. "Èmi ni mo ń sanwó fún un! Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ Ìyá!"

Dírẹ́bà ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ta ni ọmọ ọ̀dọ̀? Àǹtí mi, ìyàwó mi lẹ pè bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin ọ́fíìsì gbé gíláàsì sójú, ó ka fọ́ọ̀mù náà sí gbogbo wọn létí láti òkè dé ìsàlẹ̀: ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa, ẹní tí wọ́n ń sùn lé. Ẹnu Dírẹ́bà là, kò lè pa á dé. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà kúnlẹ̀ síwájú Ìyá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sínú ọwọ́ òsì Ìyá.

"Màmá, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ọwọ́ yín tẹ ọwọ́ mi. Ṣé ìyàwó ilé yín gbá yín létí rí?"

Ọwọ́ Ìyá kò mira.

"Ṣé ọmọbìnrin yín yìí ló ń tọ́jú yín?"

Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ pátápátá.

Àǹtí Àgbà wó lulẹ̀. "Ẹ bò mí láṣìírí! Ìyàwó wa, bá mi bẹ̀ wọ́n! Èṣù ló tì mí!"

"Àǹtí mi, Èṣù kọ́ ló tẹ àtàǹpàkò Ìyá," ni Aránṣọ dáhùn. "Owó tí ẹ jẹ kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ fẹ́ kí Ìyá kú sí mi lọ́rùn, kí wọ́n máa pè mí ní apànìyàn."

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ilé ẹjọ́ ní kí Àǹtí Àgbà dá gbogbo owó náà padà. Ṣọ́ọ̀bù tó ní òun ti tì pa, ìjọba bá a tì í pa lóòótọ́. Àwọn tó ń ṣàdúrà fún un lórí fọ́tò ń gba ọ̀nà mìíràn bí wọ́n bá rí i. Ọ́fíìsì kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Aránṣọ o! Fọ́ọ̀mù tuntun olójú ewé ogún ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kí wọ́n tó wá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú.

Lọ́jọ́ tí ìwé náà dé, Dírẹ́bà tún dọ̀bálẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí kì í dọ̀bálẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ yẹn.

"Dárí jì mí. Ohunkóhun tí o bá ní kí n ṣe, màá ṣe é."

"Ẹ dìde," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Omi ti gbóná. Ìyá ò tíì wẹ̀."

"Èmi? Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà kan. Ìyá yín ni."

Dírẹ́bà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò sí ẹ̀bẹ̀ míì tó lè wọlé. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé omi wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀. Omi ń ta sílẹ̀, omijé pẹ̀lú.

"Ẹ rọra," ni Aránṣọ wí. "Ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ nù." Ó fa àga kan sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó.