Èsúrú Ìyá Àgbà

"Rọra, ọmọ wà nídìí rẹ̀."

Ummu-Salamah yí padà wìrì, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn ilé ìdáná wọn ní Ìlọrà, àfi àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà tó fara ti ògiri. Bẹ́ẹ̀, ohùn Ìyá Àgbà ló gbọ́. Ohun tí ìyá bàbá rẹ̀ yìí máa ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá ń wa èsúrú, kí ikú tó mú wọn lọ nígbà òjò.

Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ìtìjú ń dà á láàmú ju ẹ̀rù lọ. Tíṣà ní kí oníkálukú mú irè oko tí kò wọ́pọ̀ wá lọ́la, Dorcas ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni wọ́n ní nílé wọn ju ẹ̀gẹ́ lọ.

Màmá rẹ̀ ti kìlọ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà Fìdítì: "Ó di Sátidé tí bàbá rẹ bá dé. Ọjọ́ tí a bá wa èsúrú là ń sè é. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti le nìyẹn. Òun nìkan ló sì kù nínú irúgbìn Ìyá Àgbà. Má fọwọ́ kàn án o."

Ummu-Salamah wa gbogbo rẹ̀, àti ńlá àti kékeré. Ó tún bó èèpo wọn, kí pupa ara wọn lè tàn.

Wọ́n yìn ín níléèwé. Dorcas pàápàá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà ní kí irè náà wà lórí tábìlì títí di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ìgbà tí Ummu-Salamah bá sì gba ibẹ̀ kọjá, òórùn òrí tí Ìyá Àgbà máa ń fi para ló ń gbọ́.

Ní Sátidé, bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èsúrú ìyá mi dà? Ọkàn mi ò kúrò lára ẹ̀."

Màmá ti gbé èyí tí Ummu-Salamah kó bọ̀ láti iléèwé kaná láti òwúrọ̀. Ó hó títí oòrùn fi wọ̀, ọ̀bẹ kò wọ̀ ọ́. Bàbá bu ẹyọ kan jẹ, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀.

"Àwọn kéékèèké ńkọ́, tí a ó tún gbìn?"

"Mo ti bó gbogbo wọn, Bàbá." Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Bàbá kò bá a wí. Wọ́n lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí àpótí ìyá wọn, wọn kò sì jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìbá sàn fún Ummu-Salamah kí wọ́n nà án.

Wọ́n ní èsúrú ṣàṣejù, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán. Ti ọdún yìí, ẹni tó wa èsúrú ló ṣàṣejù.

Òjò tuntun ti rọ̀ báyìí. Àràárọ̀ ni Ummu-Salamah ń lọ wo ebè náà, koríko nìkan ló ń hù níbẹ̀. Ó ti wá mọ̀ pé ohun tí a jogún, àwa nìkan kọ́ la ni ín. Ó ní ìpín ẹni tó ti lọ àti ti ẹni tí kò tíì dé. Bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ láti fa koríko, yóò tún gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀:

"Rọra."