Aṣọ Funfun Lórí Pápá Inverkell

Bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ dé kí ẹni tó gbá a tó dé. Ó já bọ́ sí àárín aṣọ ibùsùn funfun tí Grizel Imrie sá sórí koríko etí òkun, ó sì fi ẹrẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ sí i lára. Nígbà yẹn, ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin Inverkell ni láti sá aṣọ sórí pápá gọ́ọ̀fù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onírun pupa kan sáré dé, ó ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú, sìsí. Òfin ní kí n gbé e kúrò lórí aṣọ, kò sì sí ìyà níbẹ̀."

"Kò sí ìyà fún yín. Ta ni yóò tún aṣọ fọ̀?"

"Ẹ gbé e wá, màá fọ̀ ọ́."

"Pẹ̀lú ọwọ́ yẹn? Ẹ máa lọ jàre!"

Wattie Lumsden ni, tó ń gbẹ́ igi gọ́ọ̀fù tà. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò yé ṣìnà sórí aṣọ Grizel. Àwọn obìnrin yòókù kàn ń fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni.

Nígbà tí Wattie wá tọrọ Grizel láti fẹ́, bàbá rẹ̀, apẹja, fárígá. "Géńdé tó ń fi igi lé bọ́ọ̀lù kiri! Bó bá gba àmì-ẹ̀yẹ ìdíje ńlá, kó wá. Bí kò bá gbà á, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi."

Ìdíje dé. Nígbà tó ku ihò kan ṣoṣo tí wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù sí, Wattie àti ará Edinburgh kan wà ní dọ́gba. Afẹ́fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù Wattie sínú kòtò koríko, nítòsí aṣọ Grizel. Èrò ṣì jìnnà. Grizel wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé bọ́ọ̀lù náà, ó sì fi etí aṣọ sábẹ́ rẹ̀.

Wattie dé. Ó wo koríko tó tẹ̀, ó wo ojú ọmọbìnrin náà.

"Olólùfẹ́ mi, dá a padà síbi tó wà."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Bí mo bá fi irọ́ fẹ́ ọ, kí ni màá fi tọ́jú rẹ?"

Grizel dá a padà. Wattie gbá a nínú kòtò, kò jáde. Ó tún un gbá. Ará Edinburgh ló gba àmì-ẹ̀yẹ.

Nírọ̀lẹ́, Grizel ń fi omijé ká aṣọ nígbà tí bàbá rẹ̀ gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ pè é wá jẹun. Ẹja wà nílé."

"Ṣùgbọ́n kò gbà á, Bàbá."

"Mo wà lẹ́yìn òkìtì yanrìn, mo rí i. Mo rí ìwọ náà, olè."

Nígbà tí Wattie gba àmì-ẹ̀yẹ náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ Grizel ló ti jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sá aṣọ sórí pápá mọ́ báyìí, Wattie pàápàá sì ti lọ sun oorun àìjí. Àmì-ẹ̀yẹ wà nínú àpótí. Aṣọ ibùsùn ọjọ́sí ni Grizel ṣì ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, òǹtẹ̀ ẹrẹ̀ sì wà láàárín rẹ̀. Kò fìgbà kan fọ ojú ibẹ̀ dáadáa.