Àwo Tó Mọ́ Jù

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kún wọ́ọ̀dù dé ẹnu ọ̀nà, ibà ń ṣe wọ́n, inú ń run wọ́n. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ẹnìkan ló fi májèlé sóúnjẹ wọn, ló bá ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Inspẹ́kítọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ojú Alákàn ni wọ́n rán wá.

"Kì í ṣe májèlé," ni dókítà yàrá àyẹ̀wò wí fún un. "Kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Ẹlòmíràn lè máa gbé e kiri nínú ìfun láìmọ̀, kí ara ẹ̀ le koko, kó sì máa fọwọ́ pín in fáwọn ẹlòmíràn."

"Ta ló ń fọwọ́ kan oúnjẹ wọn?"

"Alásè, àti obìnrin tó ń bù ú fún wọn. A ti yẹ ìgbẹ́ àwọn méjèèjì wò. Wọ́n ní kò sí i lára wọn."

Ojú Alákàn ní kí wọ́n fi àwo àyẹ̀wò han òun. Oúnjẹ kòkòrò tó dì bíi jẹ́lì ló wà nínú wọn. Tótòtó funfun ti hù sórí ti obìnrin tó ń bu oúnjẹ, ṣùgbọ́n ti alásè ń dán gbinrin.

"Kí ló hù síbí tí kò hù sọ́hùn-ún?"

Dókítà tẹjú mọ́ àwọn àwo náà. Èsì ni wọ́n sọ fún un, kò tíì fojú ara rẹ̀ rí àwo náà. "Bakitéríà tó ń gbé inú gbogbo èèyàn ni. Ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ti ibà yẹn, ìwà wọn ni ò jọra."

"Àbí irú ti alásè kì í hù lórí jẹ́lì?"

"Fáírọ́ọ̀sì ni kì í hù, inú ohun alààyè nìkan ló ti ń bí sí i. Ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà tí bakitéríà ò sí nínú ìfun ẹ̀. Àfi kí oògùn ti pa wọ́n, tàbí iná."

Ojú Alákàn bá màmá alásè nídìí alùbọ́sà ní ilé ìdáná ilé-ìwé, ojú rẹ̀ pọ́n ju ohun tí alùbọ́sà lè fà lọ.

"Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!" ni màmá náà wí. "Àwọn ọmọ mi wà lórí ibùsùn, ìgbẹ́ lẹ wá ń bi mí!"

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé ẹ lo oògùn kankan?"

"Toríi kí ni? Kò sóhun tó ń ṣe mí."

"Ta lẹ fún ní ike tẹ́ ẹ fi gba ìgbẹ́ àyẹ̀wò yẹn?"

"Baálé mi ni. Òun ló ń se ìgò ní yàrá àyẹ̀wò." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bó bá délé, á tún fẹ́ se abọ́ tí mo ti fọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà yé Ojú Alákàn, inú rẹ̀ ò sì dùn pé ó yé e. Ó ní kí màmá tẹ̀ lé òun.

Wọ́n bá bàbá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá tí ooru rẹ̀ ń pa kòkòrò. Dókítà náà wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ se ike yẹn."

"Èmi kẹ̀? Ṣebí wọ́n ní ó mọ́?"

"Ó mọ́ jù ni, bàbá. Ẹlòmíràn ì bá fi ìgbẹ́ tara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ni kí ohun gbogbo jáde láìní kòkòrò, ẹ wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ara ẹni tó lálàáfíà ṣe ń rí. Màmá ò lo oògùn. Ẹ̀yin lẹ gba ike lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin náà lẹ ni ìkòkò."

Bàbá jókòó. "Ohun tó bá ojú ló bá imú. Àwa méjèèjì ò bímọ, ọ̀gá. Àwọn ọmọ yẹn lọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí pé tó bá gbọ́ pé ọwọ́ òun ni àìsàn yẹn ti wá, kò ní yè é."

Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Omijé ń bọ́, kò nù ún.

"Ṣé ó ní oògùn, dókítà?"

"Ó ní, mà. Ara tiyín àti tàwọn ọmọ máa yá. Àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ dáná títí a ó fi rí i pé ó ti tán."

"Ẹ fún mi ní ike míì."

Bàbá nawọ́ láti bá a gbà á. Màmá gbé ike náà mọ́yà. "Rárá, èmi ni n ó gbé tèyí lọ fúnra mi." Ó wá fi ọwọ́ kejì fà á dìde. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ojú Alákàn mọ̀ pé bàbá ṣì máa wá sọ tẹnu rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ bọ àpò padà, ó sì ń rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn jẹ́jẹ́.