Apá Tí Mùjídátù Gé Kúrò

Hùsèínì já ọmọ tuntun náà gbà mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì sá jáde nínú agbo ilé. Àwọn obìnrin gbá tẹ̀ lé e. Wọ́n ń pariwo pé olè ọmọ rèé, kí wọ́n gbá a mú. Mùjídátù náà sá tẹ̀ lé wọn, ó na fóònù rẹ̀ sókè, ó ń ya gbogbo rẹ̀ ní fídíò.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni, ní àdúgbò Zongo, nílùú Parakou ní Benin. Àmínà, àbúrò ìyá Mùjídátù, ló bímọ fún Awwal ọkọ rẹ̀. Haúsá ni Awwal, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló sì bí Hùsèínì. Láàárín àwọn Haúsá, irú ìbátan bẹ́ẹ̀ kì í ríra kí wọ́n má ṣe àwàdà. Wọ́n lè bú ara wọn, wọ́n lè fi fìlà ara wọn pamọ́, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú. Bí ọ̀kan bá bímọ, èkejì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ọmọ náà sá lọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, títí wọ́n á fi fi obì bẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Hùsèínì dúró nídìí igi máńgòrò, ó wo ojú ọmọ, ó ní, "Ọmọ yìí lẹ́wà ju Awwal lọ. Ẹ̀yin gan-an lẹ jí i gbé." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àmínà fún un lóbì. Ó tẹ́ ọwọ́, ó ṣàdúrà gígùn fún ọmọ náà, ó sì gbé e padà sí ọwọ́ ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mùjídátù ya ìyẹn náà.

Iṣẹ́ táyà lílẹ̀ ni Hùsèínì ń ṣe létí títì. Tọ́ntọ́n ni Mùjídátù ń pè é, bí àwọn ọmọ Parakou ṣe ń pe ọkùnrin tó tó bàbá wọn láti ìgbà tí Faransé ti wọ ẹnu wọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Zongo.

Ní ilé ẹ̀kọ́, Mùjídátù fi fídíò náà han Dámilọ́lá tí wọ́n jọ ń jókòó. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni Dámilọ́lá, Banikanni ni ilé wọn wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń wo ohun tí Dámilọ́lá bá gbé sórí fóònù. Ní ti Mùjídátù, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá kì í wo tirẹ̀, ó sì ń dùn ún.

"Ibi tó ti gbọ́mọ sá yẹn dáa," Dámilọ́lá wí. "Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wo bàbá tó ń ṣàdúrà? Gé e síbẹ̀."

"Ó dá ọmọ padà o."

"Fi ìyẹn ṣe apá kejì. Gbé e jáde lọ́la. Wọn á máa dúró dè ọ́."

Mùjídátù rò ó. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ló wà lẹ́nu gbogbo ìlú. Àwọn ìyá ń lọ mú ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́ fúnra wọn. Ó mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí wọn á fi wo fídíò náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé gbogbo Zongo ló mọ Hùsèínì, wọ́n sì mọ̀ pé àwàdà ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Parakou tóbi ju Zongo lọ.

Ó gé e, ó sì gbé e jáde lórí fóònù. Ó fi Faransé kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọkùnrin kan gbé ọmọ tuntun sá lọ ní Zongo lọ́sàn-án gangan. Kò sí nǹkan tó fi kún àwòrán náà. Hùsèínì ni, ọmọ ni, ariwo ni. Inú ohun tó yọ kúrò ni irọ́ wà.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tí kò mọ̀ rí ń yìn ín pé ó láyà. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun. Àwọn kan kọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọkùnrin náà bọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ó kà á. Ó fẹ́ gbé ìyókù jáde. Ó tún rí i pé àwọn tó ń wò ó ṣì ń pọ̀ sí i, ló bá gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀la kò jìnnà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Hùsèínì lọ sí Ladjifarani, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà, láti lẹ táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan. Fóònù rẹ̀ kì í gba fídíò, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ inú fídíò náà ló wọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò ló dá a mọ̀, ló bá ké sí àwọn yòókù. Wọ́n yí i ká. Hùsèínì ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, pé àwàdà ni. Ó sọ ọ́ ní Haúsá, ó sọ ọ́ ní Dendi, ó fi Faransé díẹ̀ tó gbọ́ kún un. Ẹnì kan gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bi í pé, "Ṣé ìwọ kọ́ rèé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni," ó wí.

Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Irin tó fi ń yọ táyà ni wọ́n fi lù ú. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi máa gbà á lọ́wọ́ wọn, kò lè dìde mọ́.

Mùjídátù wà ní kíláàsì nígbà tí ìròyìn náà dé. Ó sá lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó gbé fídíò náà jáde látòkèdélẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ló wò ó. Ẹnì kan nínú wọn kọ ọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ya ti àdúrà yẹn ni, kí wọ́n lè fi bo olè náà láṣìírí. Dámilọ́lá ní òun kọ́ ló gé e. Òótọ́ nìyẹn náà.

Ó délé, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún Àmínà. Àmínà ń fún ọmọ lọ́mú. Kò pariwo.

"Ọmọ mi lo fi ṣe ìjẹ ẹnu ìwọ̀," ó wí.

Hùsèínì kò kú. Ojú òsì rẹ̀ ló fọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lè di irin iṣẹ́ mú mọ́. Mùjídátù lọ kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó ro gbogbo ẹjọ́. Hùsèínì gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ṣé o rí i nígbà tí mo dá ọmọ náà padà?"

"Mo rí i, tọ́ntọ́n."

"O rí i," ó wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Awwal mú Mùjídátù lọ sí Ladjifarani, pé kó máa fi gbogbo fídíò náà hàn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan lé wọn. Àwọn kan kí wọn pẹ̀lẹ́. Obìnrin kan jókòó wò ó látìbẹ̀rẹ̀ títí tí Hùsèínì fi gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dá fóònù padà.

"Mo ti rí i," ó wí. "Síbẹ̀, kó má gba iwájú ilé mi kọjá. Mo lọ́mọ."

Awwal ní kí wọ́n máa lọ sí ilé tó kàn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ojú Hùsèínì kò dúró de ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, bí ẹ bá gé ibi tí ènìyàn ti ṣe rere kúrò, ẹ ti purọ́ mọ́ ọn, bí ẹ kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ hàn, tàbí kí ẹ má fi hàn rárá. Àwọn tó rí apá kìíní kì í dúró de ìkejì.