Àkùkọ Tó Kọ Lókè Odò

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí ìjọba ṣí odò fún ìpẹja, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lù, ni Olegario kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àkùkọ kan kọ lókè odò, níbi tí kò sí ilé. Ó dá ohùn náà mọ̀: ìparí rẹ̀ já lójijì, bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Àkùkọ kan ṣoṣo ló máa ń kọ báyẹn ní gbogbo abúlé Redipuela, ó sì ti kú láti oṣù kìíní.

"O gbọ́ nǹkan?" ó bi àbúrò rẹ̀.

"Inú mi tó ń kùn ni mo gbọ́," Froilán dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wo àjà ilé ìwòsàn."

Wọ́n ti la àyà Froilán, wọ́n tún ọkàn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì dá a padà sílé ní eegun lásán. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí òun tún dúró nínú odò nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, kí òun mú ẹja alámì kan, ẹja odò òkè tí àmì pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olegario ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n Balbina, ìyàwó Olegario, dí wọn lọ́nà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bí ẹ ṣe mú un lọ ni kí ẹ ṣe mú un bọ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ ti pa ọ̀kan fún mi lọ́dún yìí."

"Ìyàwó wa, ṣé adìẹ lo wá fi mí wé?" Froilán béèrè.

"Bíṣọ́ọ̀bù níyì jù yín lọ."

Bíṣọ́ọ̀bù ni orúkọ àkùkọ náà, nítorí bó ṣe máa ń rìn. Wọn kì í sin irú rẹ̀ fún jíjẹ. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á ni wọ́n ń tu láàyè, tí wọ́n á fi wé ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò lójú ẹja. Ṣùgbọ́n wọn kì í tu ú nígbà tí òtútù bá ń sọ omi di yìnyín. Olegario mọ èyí láti kékeré. Àmọ́ ó fẹ́ ìyẹ́ tó dára jù lọ fún ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ máa padà sódò, ó sì tu ú nínú òtútù, tí Balbina ń pariwo lé e lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àkùkọ náà ti gan.

Wọ́n dé etí odò. Ní àsìkò yẹn nínú ọdún, yìnyín tó ń yọ́ máa ń sọ omi òkè di ńlá, á dọ̀tí, á sì máa hó débi pé ẹni méjì ò ní gbọ́ ara wọn. Ẹja á sá sábẹ́ òkúta, kò sì ní jáde títí di ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ta somi tí kòkòrò sì fò fún bíi wákàtí kan. Láàárọ̀ yìí, omi kò ju orúnkún lọ. Ó mọ́ gaara. Òkúta tó yẹ kó wà lábẹ́ omi wà níta, ara wọn ṣì tutù. Ẹja ń ta pọ́ún pọ́ún nínú kòtò omi bíi pé oṣù kẹfà ni. Kò sí ariwo kankan. Olegario ń gbọ́ èémí àbúrò rẹ̀.

"Ọlọ́run ló tọ́jú odò dè mí," Froilán wí.

Apẹja wo ló máa rí irú omi yìí nínú oṣù kẹta tí á béèrè ìdí? Olegario so ìwọ̀ mọ́ okùn, ó di apá àbúrò rẹ̀ mú, wọ́n rìn dé orí òkúta pẹrẹsẹ tó wà láàárín odò.

Àkùkọ náà kọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti sún mọ́ wọn, ó ti dé ibi tí odò ti yà. Olegario wo ilẹ̀. Omi ti fi kókósẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹja kéékèèké kan ń yanu nínú pàlàpálá òkúta. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti òkè ń gbé òórùn igi tútù bọ̀, bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́.

"Froilán, ká lọ."

"Ẹ dákẹ́! Ó ti gbé e!" Ọ̀pá ìwọ̀ ti tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹja ńlá ni.

Nígbà náà ni àkùkọ náà kọ lẹ́ẹ̀kẹta, ní bèbè odò, lẹ́yìn wọn gan-an. Ojú Froilán yí padà.

"O gbọ́ ọ," Olegario wí.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹja wà lẹ́nu ìwọ̀ mi!"

Olegario yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn náà.

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé orí yín ti yí ni?"

"Bú mi tá a bá dókè." Ó ju ọ̀pá méjèèjì sílẹ̀, ó gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n.

Yìnyín ṣì bo ẹ̀gbẹ́ òkè. Àmì ẹsẹ̀ àkùkọ wà lórí rẹ̀, ìka mẹ́ta-mẹ́ta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Ó gba ọ̀nà tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ Olegario rì. Olegario ń tẹ̀lé e, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, Froilán ò bú u mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà àgùntàn tó wà lókè, àmì ẹsẹ̀ náà tán sórí yìnyín tó mọ́, láìyí padà.

Ariwo kan bẹ̀rẹ̀ lápá òkè, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bá ń da òkúta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Odò yọ ní ìyànà rẹ̀ ní ìnàró, ó pọ́n, igi odindi ń yí nínú rẹ̀. Ó gba orí òkúta pẹrẹsẹ kọjá. Yìnyín ló ti ya lulẹ̀ lókè lóru, tó dí odò pa bí ilẹ̀kùn, títí omi fi tì í wó.

Balbina sáré dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó fọwọ́ kan ojú Froilán, ó lu ọkọ rẹ̀ láyà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń sunkún.

"Ta ló sọ fún yín pé omi ń bọ̀?"

Froilán ló dáhùn: "Àkùkọ rẹ ni."

Balbina kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé inú ń bí i?"

"Rárá," Olegario wí. "Ó ń pè wá bó ṣe máa ń pe àwọn abo adìẹ wọlé tó bá rí àṣá."

Balbina mi orí. Ó ká ìborùn rẹ̀ lé èjìká Froilán. "Ẹ jẹ́ ká relé. Ọbẹ̀ ááyù ti ń tutù. Tó bá di oṣù karùn-ún, tí omi bá rọlẹ̀, èmi fúnra mi ni màá mú un wá."

Odò gbé afárá onígi lọ lọ́jọ́ náà, àti àgùntàn mẹ́ta, ọ̀pá ìwọ̀ méjì, apẹ̀rẹ̀ ẹja kan, àti fìlà Froilán. Kò gbé ènìyàn kankan.